Bí A Ṣe Ń Tún Orúkọ Ewéko Inú Ìwé Àtijọ́ Tò Láìsọ Ewé Nù

Bí ẹ bá ṣí Flora of West Tropical Africa tí ẹ sì wá ewúro lọ síbẹ̀, Vernonia amygdalina lẹ máa bá. Bí ẹ bá tẹ orúkọ kan náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, lójú òpó tí ọgbà Kew ti Lọ́ńdọ̀nù ń bójú tó, wọ́n á ní Gymnanthemum amygdalinum ni. Ewúro tó wà lẹ́yìnkùlé yín kò gbọ́ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣì ń korò bó ṣe ń korò láyé bàbá yín. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ló yí.

John Hutchinson àti J. M. Dalziel ló kọ́kọ́ gbé ìwé náà jáde láàárín 1927 sí 1936. R. W. J. Keay àti F. N. Hepper tún un ṣe láti 1954 títí di 1972. Ó kó ewéko jọ láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé apá Kamẹrúùn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń kọ́kọ́ nawọ́ sí lónìí. Ìdí nìyẹn tí orúkọ inú rẹ̀ fi kún inú ìwé ẹ̀kọ́ yunifásítì, pátákó ara igi nínú ọgbà ilé-ìwé, àti àkọsílẹ̀ egbòogi tí àwọn àgbà fi sílẹ̀. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ fẹ́ kó bá ìgbà mu, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ rèé.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ohun kan: orúkọ àtijọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí tí à ń nù kúrò. Okùn ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa ewé kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ tó ń jẹ́ nígbà yẹn ni wọ́n so ó mọ́. Ẹni tó bá gé okùn náà, garawa rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ kànga.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dà á kọ bí ẹ ṣe bá a

Ẹ ṣí Excel tàbí ìwé olílà, kí ẹ pín ojú rẹ̀ sí òpó méje: orúkọ Yorùbá bó ṣe wà nínú ìwé, orúkọ Látìn àtijọ́, apá ìwé àti ojú ewé tí ẹ ti rí i, orúkọ tòní, irú àyípadà tó ṣẹlẹ̀, ibi tí ẹ ti rí ìdáhùn àti ọjọ́ tí ẹ rí i, àkíyèsí tiyín. Òpó kejì, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Bí ìwé náà bá ṣi lẹ́tà kọ, ẹ ṣì í kọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ máa ń yún èèyàn láti tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òpó kẹrin wà fún ìyẹn.

Orúkọ èèyàn tó máa ń tẹ̀ lé orúkọ ewé, “L.” tàbí “Benth.” tàbí “P.Beauv.”, ẹ dà á kọ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fò ó bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ènìyàn méjì fún ewé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní orúkọ kan náà láìmọ̀. Orúkọ ẹni tó sọ ọ́ nìkan lẹ máa fi dá wọn mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ

Orúkọ ewé dà bí orúkọ nínú rẹ́jísítà ilé-ìwé: orúkọ agboolé ló ń ṣáájú, àbísọ ló ń tẹ̀ lé e. Vernonia ni agboolé, amygdalina ni àbísọ. Bí wọ́n bá kó ewé kan kúrò ní agboolé kan lọ sí òmíràn, àbísọ rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Ẹ wo orúkọ ewúro tòní ní kíkún: Gymnanthemum amygdalinum (Delile) Sch.Bip. ex Walp. Ẹni tó wà nínú àkámọ́ ló sọ ọmọ lórúkọ. Delile ló pè é ní amygdalina ní 1826, nínú ìwé tó kọ lórí àwọn ewéko tí Cailliaud kó bọ̀ láti ìrìn-àjò rẹ̀ sí Méroé, ní ilẹ̀ Sùdáánì. Ìta àkámọ́ ni àwọn tó gbé e lọ sí agboolé tuntun wà, ní 1843. Ẹ ṣírò ó wò. Orúkọ “tuntun” tí à ń wí yìí fi ọdún 84 ju ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé Hutchinson àti Dalziel lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn kò gbà á nígbà yẹn ni. Ní ayé tiwa ni àwọn onímọ̀ tú agboolé Vernonia ká, tí wọ́n rí i pé àwọn ará ibẹ̀ tó wà ní Áfíríkà kò bá àwọn ti Amẹ́ríkà tan tó bí wọ́n ṣe rò, tí wọ́n sì jí orúkọ tó ti ń sùn dìde.

Ẹ tún wo ìparí àbísọ: amygdalina di amygdalinum. Èdè Látìn ló fà á, àbísọ gbọ́dọ̀ bá agboolé mu ní akọ, abo tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo. Igi òrí ṣe òdìkejì rẹ̀: Butyrospermum paradoxum ni ìwé Keay àti Hepper pè é, Vitellaria paradoxa ló ń jẹ́ lónìí. Àmọ́ wọ̀rọ̀wọ́ kì í yí ìparí rẹ̀ padà níbikíbi tó bá dé, torí pé biafrae, àbísọ rẹ̀, túmọ̀ sí “ti Biafra”. Ohun tí èyí ń sọ fún yín ni pé bí ẹ bá wá orúkọ kan tí ẹ kò rí i, kí ẹ fi ìparí mìíràn wá a kí ẹ tó sọ pé kò sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ẹni tí ẹ ó bi léèrè

Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní International Plant Names Index (IPNI), ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìwé ìkómọjáde ni IPNI: yóò sọ ẹni tó sọ ewé lórúkọ, ọdún tó sọ ọ́, àti ìwé tó ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò ní sọ orúkọ tó yẹ kí ẹ máa lò fún yín, èyí ló sì ń da àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú. Wọ́n á rí orúkọ kan níbẹ̀, wọ́n á rò pé àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ sí i. Rárá o. Wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan sọ ọ́ rí ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ lọ sí Plants of the World Online, tí Kew ń bójú tó. Èyí ló ń sọ orúkọ tí wọ́n gbà lónìí, tí yóò sì to gbogbo orúkọ yòókù sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ wá fi African Plant Database tó wà ní Geneva ṣe ẹlẹ́rìí kejì, torí pé Áfíríkà nìkan nìyẹn gbájú mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá díjú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fẹ́ fojú ara yín rí ìwé ọdún 1849 tàbí 1827, Biodiversity Heritage Library ti ya púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wádìí ohun tó fa àyípadà

Ibí ni iṣẹ́ náà gan-an wà. Kì í ṣe ohun kan náà ló ń yí orúkọ padà, òpó karùn-ún sì ni ẹ ó ti sọ èyí tó jẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kíkó kúrò ní agboolé. Ìrókò jẹ́ Chlorophora excelsa nínú ìwé náà. Ní 1982, C. C. Berg gbé e lọ sí Milicia. Èlú tí àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta fi ń pa aró kúrò ní Lonchocarpus cyanescens, ó di Philenoptera cyanescens. Ọ̀já ìkookò kúrò ní Sansevieria, ó wọlé tọ pèrègún lọ ní Dracaena. Wọ̀rọ̀wọ́ ló rìn jù nínú wọn: Senecio ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí, ó kó lọ sí Crassocephalum, Solanecio biafrae ló ń jẹ́ báyìí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí lè ka wọ̀rọ̀wọ́ ní ẹ̀mẹta nínú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, kó sì máa yangàn pé ewé pọ̀ lágbègbè òun.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ta ló dàgbà jù. Láti ọdún 1753, tí ìwé Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, jáde, ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí orúkọ. Bí orúkọ méjì bá wà fún ewé kan, èyí tó ṣáájú ló máa ń jókòó. Vitellaria, orúkọ òrí, ti wà láti 1807, kí Butyrospermum tó dé. Gbúre náà rí bẹ́ẹ̀: Talinum triangulare ni púpọ̀ nínú wa kọ́ nílé-ìwé, ṣùgbọ́n fruticosum tí Linnaeus fún un ti wà ṣáájú, nítorí náà Talinum fruticosum ni.

Ẹ̀kẹta ló lè ṣi yín lọ́nà jù, torí pé kò jọ àyípadà orúkọ rárá. Wọ́n pe ẹlòmíràn ní orúkọ ẹlòmíràn ni. Ẹ wo igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Àwọn ìwé kan láyé àtijọ́ pè é ní Parkia filicoidea. Keay wò ó dáadáa, ó ní kì í ṣe òun, ó sì sọ ọ́ ní Parkia clappertoniana. (Agboolé náà ń jẹ́ orúkọ Mungo Park, àbísọ ń jẹ́ orúkọ Clapperton, ẹni tó gba Badagry wọ Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826. Àwa tí à ń jẹ irú kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.) Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé clappertoniana àti biglobosa kò yàtọ̀ síra. Parkia biglobosa ló jókòó di òní. Ṣùgbọ́n Parkia filicoidea kò kú o. Igi gidi ni, apá àárín àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ló ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá bá filicoidea nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ láti Ìlọrin tàbí Ìṣẹ́yìn, tí ẹ bi kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ní orúkọ náà dára, kí ẹ máa lọ. Ẹ ó sì máa lọ pẹ̀lú igi ẹlòmíràn. Nítorí náà, yàtọ̀ sí orúkọ, ẹ máa wo àwòrán ilẹ̀ tí Kew fi há ewé kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ kò bá kan ilẹ̀ wa níbẹ̀, ẹ dúró.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n lè pín ewé kan sí méjì. Ẹ̀gúsí bàrà wà lábẹ́ Citrullus lanatus pẹ̀lú bàrà olómi tí à ń jẹ ní èso fún ìgbà pípẹ́. Citrullus mucosospermus ni wọ́n ń pe ẹlẹ́gùúsí lọ́tọ̀ báyìí. Bí ìwé bá wí pé “Citrullus lanatus, wọ́n ń jẹ ẹ́”, ẹ kò lè yàn fún un láìka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: ṣé kóró ni wọ́n ń jẹ ni àbí omi inú rẹ̀? Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ̀gúsí mìíràn wà tí kì í ṣe ará agboolé wọn, ẹ̀gúsí ìtóò. Cucumeropsis mannii ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Melothria sphaerocarpa ló ń jẹ́ báyìí.

Èyí tó kẹ́yìn ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ariwo rẹ̀ pọ̀: òfin. Igi bóòní ni Acacia nilotica. Òun gan-an ni baálé agboolé Acacia, ẹ̀rí tí wọ́n so orúkọ náà mọ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé agboolé náà tóbi jù, tí ó sì yẹ kó pín, àwọn tí wọ́n wà ní Ọsirélíà, tí wọ́n sún mọ́ 1,000, ní àwọn kò lè máa yí orúkọ kiri. Ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ewéko ní Vienna ní 2005 gbà fún wọn, ti Melbourne ní 2011 kò yí i padà. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ baálé, wọ́n gbé e fún àwọn tó pọ̀ jù. Ti Áfíríkà di Vachellia àti Senegalia. Bóòní di Vachellia nilotica. Inú ọ̀pọ̀ onímọ̀ Áfíríkà kò dùn sí i, inú tèmi náà kò dùn, ṣùgbọ́n òun ni mo ń kọ sí òpó kẹrin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má lo “Replace All”

Mo ti ṣe é rí, mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Mo ní àkọsílẹ̀ gígùn kan, alẹ́ ti lẹ́, mo ní kí kọ̀ǹpútà fi Gymnanthemum rọ́pò Vernonia níbi gbogbo. Ìṣẹ́jú àáyá kan, ó parí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹnì kan bi mí pé kí ni “Gymnanthemum cinerea”. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Vernonia cinerea ti lọ sí agboolé mìíràn ní tirẹ̀, Cyanthillium cinereum ni. Ìparí àbísọ náà kò tilẹ̀ bá agboolé tí mo fipá tì í sí mu. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi tú u, ẹ̀dà tó mọ́ sì ti bọ́ sọ́nù.

Bákan náà ni Cassia. Àsùnwọ̀n òyìnbó di Senna alata, Cassia mimosoides di Chamaecrista mimosoides, Cassia sieberiana ní tirẹ̀ kò kúrò nílé. Ìlà kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìran tí agboolé ti wá

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Hutchinson fúnra rẹ̀ ni ìwé náà tẹ̀ lé. Èyí tí à ń lò báyìí ni ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Angiosperm Phylogeny Group (APG), tó kọ́kọ́ jáde ní 1998, tí wọ́n tún ṣe ní 2003, 2009 àti 2016, tí wọ́n gbé ka orí DNA. Èyí rọrùn ju ti òkè lọ, torí pé agboolé lódindi ló sábà ń ṣí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Malvaceae. Nínú ìwé àtijọ́, ilá wà ní Malvaceae, ewédú wà ní Tiliaceae, obì, arère àti kòkó wà ní Sterculiaceae, àràbà àti oṣè wà ní Bombacaceae. Malvaceae ni gbogbo wọn báyìí. Ẹni tó bá ti ro ilá rí, tó ti fi ìjábẹ̀ ja ewédú, kò ní bá DNA jiyàn pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Àwọn yòókù ní kíákíá: Asclepiadaceae, tí bomubómu wà níbẹ̀, wọ inú Apocynaceae. Vitex àti Gmelina kúrò ní Verbenaceae, wọ́n bá efinrin ní Lamiaceae. Ẹyín ọlọ́bẹ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gẹ́ àti lápálápá ní Euphorbiaceae, Phyllanthaceae ló wà. Gbúre kúrò ní Portulacaceae lọ sí Talinaceae. Caesalpiniaceae, Mimosaceae àti Papilionaceae padà di ọ̀kan, Fabaceae.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan. Compositae àti Asteraceae, Labiatae àti Lamiaceae, Gramineae àti Poaceae, Leguminosae àti Fabaceae: orúkọ méjì fún ìran kan náà ni wọ́n, òfin sì gba méjèèjì. Èyí kì í ṣe àyípadà. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ lò ó délẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ewé gbígbẹ ni adájọ́

Bí orúkọ bá díjú, ìwé kò lè dá a lẹ́jọ́, ewé fúnra rẹ̀ ló lè ṣe é. Flora náà máa ń kọ orúkọ ẹni tó já ewé àti nọ́ńbà tó fún un sábẹ́ ewéko kọ̀ọ̀kan. Ẹ da nọ́ńbà yẹn kọ. Ní Ìbàdàn, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀, ni Forest Herbarium, ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, wà, FHI ni àmì rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní tirẹ̀, UIH. Ti Ilé-Ifẹ̀ ń jẹ́ IFE. Ti Yunifásítì Èkó ń jẹ́ LUH. Bí ẹ bá rí FHI pẹ̀lú nọ́ńbà nínú ìwé, ẹ mọ ilé tí ewé náà wà nìyẹn. Ẹ kọ̀wé síwájú kí ẹ tó lọ, kí ẹ wí nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ rí, kí ọwọ́ yín mọ́ nígbà tí ẹ bá débẹ̀: ewé tó ti gbẹ láti 1940 kì í fara da ọwọ́ oníyọ̀.

Ẹ ó máa rí ìwé pélébé tí àwọn onímọ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀kan lórí èkejì, tí wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sí. Ìtàn àyípadà gbogbo wà níbẹ̀. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, kì í ṣe èyí tó wà lókè nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: orúkọ Yorùbá náà ní ìtàn

Ìwé àtijọ́ kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹ ó rí “igba”, ẹ kò ní mọ èwo. Ẹ má fàmì tí ẹ rò sí òpó kìíní. Ẹ kọ ọ́ láìfàmì, kí ẹ kọ èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu èèyàn sí àkíyèsí, pẹ̀lú ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ. Mo lọ bá ìyá elewé kan ní Ọjà Bódè, mo ní, “Ẹ kú ọjà, Ìyá, ẹ bá mi mú àsùnwọ̀n.” Ó wò mí. “Èwo nínú àsùnwọ̀n? Ti ilẹ̀ yìí àbí ti òyìnbó?” Ti ilẹ̀ yìí ni Senna podocarpa. Ti òyìnbó ni Senna alata, tí pódi rẹ̀ ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹ́ yẹn gan-an ni alata túmọ̀ sí. Àkọsílẹ̀ tó bá kọ “asunwon” nìkan, ìbéèrè ìyá yẹn lẹ ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Orúkọ wa pàápàá ń yí. Ewé tó bo oko gbogbo, tó ti Amẹ́ríkà wá, Eupatorium odoratum ló ń jẹ́ ní 1963 tí apá kejì ìwé náà jáde. Ní 1970, King àti Robinson sọ ọ́ di Chromolaena odorata. Àwọn àgbẹ̀ tiwa kò dúró de ẹnikẹ́ni: Akíntọ́lá ni wọ́n ń pè é, orúkọ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, níbòmíràn ewé Awólọ́wọ̀. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ má dá sí ìjà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ kọ ọjọ́

“Orúkọ tó tọ̀nà” kò tó. Ẹ kọ “Plants of the World Online, ọjọ́ báyìí”. Bí Kew àti Geneva bá yapa, ẹ yan ọ̀kan fún gbogbo iṣẹ́ yín, kí ẹ kọ ti èkejì sí àkíyèsí. Òfin orúkọ pàápàá ń lọ síwájú: ní ìpàdé àgbáyé ti Madrid ní 2024, àwọn onímọ̀ dìbò kí àbísọ bíi caffra, tó wá láti inú èébú tí àwọn òyìnbó ń bú ènìyàn dúdú ní gúúsù Áfíríkà, di affra. Bí ẹ bá tẹ àkọsílẹ̀ yín jáde, kí orúkọ àtijọ́ wà nínú àtọ́ka ìparí ìwé, kí ẹni tó mọ Vernonia nìkan lè rí ewúro.

Èyí tí ẹ kò bá rí ìdáhùn fún, ẹ fi òpó kẹrin rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Nínú àkọsílẹ̀ tèmi, ìlà mẹ́rin ló ṣì ṣófo. Ọjọ́ tí mo wá wọn kẹ́yìn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.